Ṣọ́ọ̀kì aláyìípadà àti gíga ìjókòó alùpùpù ìrìn-àjò

Alùpùpù ìrìn-àjò ni irú alùpùpù ńlá tí wọ́n ṣe láti rin títì ọlọ́dà àti ọ̀nà eruku, tòun ti ẹrù àti epo fún ọ̀nà jíjìn. BMW R 80 G/S tó jáde ní ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́bí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ ń hàn sí ẹni tó bá dúró tì í ni pé ó ga. Ìjókòó Yamaha Ténéré 700 fi 875 mìlímítà ga sí ilẹ̀. Ti Honda Africa Twin CRF1100L jẹ́ 850 tàbí 870, ti Royal Enfield Himalayan àkọ́kọ́ sì jẹ́ 800. Gíga yìí kì í ṣe ti ẹwà. Kí táyà lè ráyè gòkè kó sì sọ̀kalẹ̀ nínú kòtò ni wọ́n ṣe gbé e sókè: ṣọ́ọ̀kì iwájú Ténéré 700 ní ààyè 210 mìlímítà láti rìn, ti ẹ̀yìn ní 200, abẹ́ ẹ́ńjìnnì sì fi 240 jìnnà sí ilẹ̀. Púpọ̀ nínú ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti mú ìjókòó wálẹ̀, inú ààyè yìí ni wọ́n ti ń bù ú.

Gíga inú ìwé àti gíga abẹ́ ẹsẹ̀

Ìgbà tí kò sẹ́ni lórí alùpùpù ni wọ́n máa ń wọn gíga tí ilé-iṣẹ́ ń kọ sínú ìwé. Bí èèyàn bá ti jókòó, sípíríǹgì ara ṣọ́ọ̀kì á rì. Lórí alùpùpù tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní ààyè 200 mìlímítà, ó yẹ kó rì tó 60 sí 70, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Fífẹ̀ ìjókòó náà tún ń kópa, nítorí pé ìjókòó tó fẹ̀ máa ń ya itan sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní tètè kan ilẹ̀. Nítorí náà, alùpùpù méjì tí ìwé wọn sọ 850 lè yàtọ̀ síra pátápátá fún ẹni kan náà. Kí èèyàn gorí rẹ̀ wò kó tó sanwó sàn ju kó gbára lé ìwé.

Sípíríǹgì

Ìfúnpọ̀ sípíríǹgì ni ohun tó wọ́pọ̀ jù tí a lè yí padà. Òrùka kan wà lára ṣọ́ọ̀kì tó ń ti sípíríǹgì pọ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Lára ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ọ̀kadà Bajaj Boxer, irú èyí tó kún ìgboro Àkúrẹ́, òrùka náà ní ìkọ̀ bíi àtẹ̀gùn tí wọ́n ń fi sípánà yí. Lórí àwọn alùpùpù ńlá, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì méjì tó ń di ara wọn mú, tàbí kókó tí a ń fi ọwọ́ lásán yí.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì gbà pé bí a bá fún òrùka yìí, sípíríǹgì ti le sí i nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Líle sípíríǹgì kò yí padà. Ibi tí alùpùpù dúró sí nínú ààyè ìrìn rẹ̀ ló gòkè. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹni tó kúrú máa tú òrùka náà kí ìjókòó lè wálẹ̀. Ìjókòó á wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn alùpùpù á ti rì jù kó tó gbéra, iná iwájú á máa wo òkè, ọwọ́ á máa pẹ́ kó tó gba ìtọ́sọ́nà, ṣọ́ọ̀kì á sì máa kan ìdí ní kòtò kékeré.

Èèyàn méjì àti téèpù ìwọnlẹ̀ tó láti wọn rírì náà. Wọ́n á gbé ẹ̀yìn sókè títí táyà yóò fi rọ̀ dòdò, wọ́n á wọn láti àárín táyà dé ojú àmì kan lára alùpùpù ní ọ̀gangan òkè rẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún á wá jókòó tòun ti bàtà, akoto àti ẹrù rẹ̀, wọ́n á tún un wọn. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni rírì. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wọn ti alùpùpù nìkan láìsí ẹni lórí rẹ̀. Bí rírì pẹ̀lú èèyàn bá pé, tí alùpùpù nìkan kò sì rì rárá, sípíríǹgì náà rọ̀ jù fún ẹni náà; pípààrọ̀ rẹ̀ ló kàn.

Ẹrù ń yí gbogbo ìwọ̀n yìí padà. Àpò kòkó kan tó lé ní 60 kìlógíráàmù, tí wọ́n dè sẹ́yìn láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́, dà bí ẹnìkejì tó jókòó sẹ́yìn. Ó yẹ kí òrùka náà gòkè kí ẹrù tó gorí, kó sì padà sípò lẹ́yìn tí ẹrù bá ti sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àpótí ìrìn-àjò tó kún.

Òróró inú ṣọ́ọ̀kì

Òróró tó ń gba ihò kékeré kọjá ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun. Síkírúù kan ń ṣàkóso bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń yára wọlé, òmíràn bí ó ṣe ń yára padà jáde. Bí èyí kejì bá ti dí jù, lójú ọ̀nà eruku tó ní ìgbì-ìgbì, ṣọ́ọ̀kì kò ní tíì jáde tán kí ìgbì tó kàn tó dé, alùpùpù á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Kí a tó fọwọ́ kan síkírúù wọ̀nyí, a máa ń yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, a sì ka iye ìró rẹ̀, kí a lè dá a padà.

Mímú ìjókòó wálẹ̀

Ọ̀nà tí kò ba nǹkan kan jẹ́ ni ti ìjókòó fúnra rẹ̀. Africa Twin àti BMW R 1250 GS ní ipò méjì tó fi 20 mìlímítà yàtọ̀ síra, ilé-iṣẹ́ sì tún ń ta ìjókòó tí fóòmù rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Ọ̀nà kejì ni pípààrọ̀ irin tó so ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́ apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ẹni tó bá ṣe èyí gbọ́dọ̀ sọ iwájú náà kalẹ̀, nípa fífa ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú gòkè níbi tí wọ́n ti dì í mú, kí alùpùpù má baà fìdí jókòó. Ó gbọ́dọ̀ gé sítáńdì ẹ̀gbẹ́ kúrú pẹ̀lú. Bí kò bá gé e, alùpùpù á nàró jù, afẹ́fẹ́ lásán lè bì í ṣubú. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì sì ti sún mọ́ ilẹ̀. Fún ẹni tó ń gba ọ̀nà oko kọjá lásìkò òjò, àdánù ńlá ni.

Àwọn tuntun kan ń sọ ara wọn kalẹ̀. Harley-Davidson Pan America 1250 Special ti ọdún 2021 lè rì ní 25 sí 50 mìlímítà bó bá fẹ́ dúró. BMW R 1300 GS ti ọdún 2023 ní irú rẹ̀ tó ń fi 30 wálẹ̀ bí eré bá ti dínkù.

Ẹni tó kúrú kò nílò kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀tún la ń gbà ní Nàìjíríà, títì sì sábà máa ń ga láàárín, kó dà sí ẹ̀bá gọ́tà. Bí ó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ló ń bá ibi tó ga jù. Kí ó yọ ìdí sí òsì, kí ó fi ẹsẹ̀ yẹn dúró, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn.