Ìyàtọ̀ Òǹkà Méjì: Bí Ìwífún Àbójútó VM Ṣe Ń Di Ìròyìn Lórí Mainframe

Nílé ayálégbé kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, mítà ńlá kan wà lára ògiri iwájú, mítà kékeré sì wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, mítà yàrá kẹta wà lórí 4,318. Nígbà tó dalẹ́, ó ti dé 4,331. Kò sí èyí tó sọ iye iná tí wọ́n lò lónìí nínú nọ́ńbà méjèèjì. Àfi kí wọ́n yọ ti àárọ̀ kúrò nínú ti alẹ́ kí 13 tó jáde. Ẹni tó bá ti lóye èyí ti lóye ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ìwífún àbójútó, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, lórí z/VM.

z/VM ni ètò tí IBM fi ń sọ mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá) kan ṣoṣo di ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní VM. Ìran rẹ̀ ti pẹ́: ọdún 1972 ni VM/370 jáde. Ọkàn rẹ̀ ni CP (Control Program), tó ń pín prọ́sẹ́sọ̀, mẹ́mòrì àti dísìkì fún àwọn VM, débi tí kálukú wọn fi ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni gbogbo ẹ̀rọ. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, lè wà nínú ọ̀kan, kí CMS, ètò mìíràn bẹ́ẹ̀, wà nínú òmíràn. Linux tó wà nínú VM kò rí aládùúgbò rẹ̀. Bí CP bá gbé prọ́sẹ́sọ̀ fún ẹlòmíràn, kò mọ ẹni tó gbà á, ohun tó lè kọ sílẹ̀ kò ju pé wọ́n jí àkókò òun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ CP, tó ń pín nǹkan, ni wọ́n ti ń wá òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà méjì ni CP ń gbà kó ìwífún jọ. Ká ní ẹnì kan jókòó sí oríta Ọláìyá tó ń gbójú sókè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò náà. Ẹlòmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó bá jáde, lásìkò tó jáde gan-an. Sample ni ti àkọ́kọ́, event ni ti ìkejì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú kan-kan ni CP ń mú sample. Event wúlò púpọ̀, àmọ́ ó lè pọ̀ bí omi òjò, nítorí náà ohun tí wọ́n bá ń wá gan-an ni kí wọ́n ṣí i fún.

Bí àkókò bá ti pé, CP á da àwọn òǹkà rẹ̀ sínú àyè mẹ́mòrì kan tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ MONDCSS. Wọ́n kọ gígùn àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka tó ti wá, nọ́ńbà rẹ̀ àti àkókò sí i lórí. Ẹ̀ka 0 jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ lápapọ̀, ẹ̀ka 4 jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́, ìyẹn àwọn VM fúnra wọn, ẹ̀ka 5 ti prọ́sẹ́sọ̀, ẹ̀ka 6 ti dísìkì àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ̀ka 10 ni àwọn ètò tó wà nínú VM, Linux pàápàá, lè fi ìwífún tiwọn ránṣẹ́ sí. Aago tí wọ́n fi ń kọ àkókò náà jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Lẹ́yìn èyí, CP á ránṣẹ́ sí VM tó ń tẹ́tí sí i pé, “Ìwífún ti dé, ibi báyìí ló wà.” MONWRITE wà lára àwọn ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ó ń kó ìwífún náà sínú fáìlì láìfọwọ́ kàn án. Performance Toolkit ní tirẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì fi hàn lójú síkíríìnì. Èyí tó wù kó jẹ́, ó gbọ́dọ̀ dá CP lóhùn pé òun ti kà á, kí CP tó lè tún àyè yẹn lò. Bí ẹni tó ń tẹ́tí bá lọ́ra jù, àyè á kún, àkọsílẹ̀ á sì sọnù. Kò yẹ kí wọ́n fi VM tó ń ṣàbójútó sẹ́yìn nígbà tí prọ́sẹ́sọ̀ bá ń há, torí ìgbà tí ara ẹ̀rọ ò yá gan-an ni wọ́n nílò rẹ̀ jù.

Ìṣírò ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òǹkà tí CP ń kọ kì í padà sẹ́yìn. Bíi ti mítà, láti ìgbà tí VM ti wọlé ló ti ń pọ̀ sí i. Ká ní VM kan ti lo prọ́sẹ́sọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 812 nínú sample kan, tó di 842 nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 30. Bí àkókò tó wà láàárín méjèèjì bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 60, VM yẹn lo ìdajì prọ́sẹ́sọ̀ kan. Àkókò tí wọ́n kọ sórí àkọsílẹ̀ méjèèjì ni kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe 60 tí wọ́n rò lọ́kàn, nítorí sample lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Bí ayálégbé yàrá kẹta bá kó jáde lọ́sàn-án ńkọ́? Tí wọn ò bá ka mítà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iná tó lò láti àárọ̀ á sọnù nínú ìṣirò. Ìdí nìyí tí CP fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìkẹyìn nígbà tí VM bá ń jáde. Bí VM náà bá tún wọlé, òǹkà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ẹni tó bá kàn ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà á wá rí iye tó kéré sí òfo. Ètò tó dára máa ń mọ̀ pé mítà tuntun nìyí.

Iná kan tún wà nílé yẹn tí ò sí nínú mítà yàrá kankan: ti ẹ̀rọ tó ń fa omi fún gbogbo ilé. CP náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún àwọn VM, ó sì ń kọ èyí tó bá mọ olówó rẹ̀ sí olówó rẹ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, òǹkà méjì ni VM ní: àkókò tó fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, àti àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí CP bá a ṣe. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 40, tí àpapọ̀ jẹ́ 50, 1.25 ni wọ́n á rí tí wọ́n bá fi 40 pín 50. Bí nọ́ńbà yìí bá ń ga, VM yẹn ń fi iṣẹ́ púpọ̀ lọ CP, ibẹ̀ sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìyọkúrò nìkan kò tó láti fi mọ ìdí tí VM fi ń falẹ̀. Fún ìyẹn, CP máa ń yọjú wo VM lemọ́lemọ́ láàárín sample méjì. Bó bá yọjú nígbà 30, tó bá a nígbà 18 níbi tó ti ń dúró de prọ́sẹ́sọ̀, nígbà 3 níbi tó ti ń dúró de mẹ́mòrì, kò sídìí láti lọ ra mẹ́mòrì kún un.

Nígbà tí fáìlì bá pọ̀, wọ́n máa ń pa ìṣẹ́jú 60 pọ̀ di wákàtí kan. Kò sí aburú níbẹ̀ fún ìròyìn ọlọ́dún. Ṣùgbọ́n VM tó fi ìṣẹ́jú 5 lo prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ dé 100%, tó sì fi 55 tó kù lo 10%, á di 17.5% nínú wákàtí náà. Àwọn tó ń lò ó láàárín ìṣẹ́jú 5 yẹn ti pariwo, ìròyìn sì ń sọ pé ẹ̀rọ ń sinmi. Fáìlì oníṣẹ́jú-kan ni wọ́n á fi rí i, bí wọn ò bá tíì pa á rẹ́.