Ohun tó wà nínú nọ́ńbà iná tí à ń tẹ̀ sí mítà

Gbogbo ẹni tó ń ra iná ní Lágéré ló mọ bó ṣe ń lọ: èèyàn á sanwó lórí fóònù tàbí lọ́dọ̀ oní-POS, ọ̀wọ́ nọ́ńbà 20 á wọlé, á tẹ̀ ẹ́ sí mítà, yúníìtì á gòkè. Ìyanu ibẹ̀ ni pé mítà kò níláti bi ẹnikẹ́ni bóyá owó wọlé kó tó gbà á. Kò sí síìmù nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú mítà ló fi ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin, nọ́ńbà àṣírí ni. Lábẹ́ STS, ìlànà àgbáyé fún mítà àsansílẹ̀ tí àwọn mítà wọ̀nyí ń tẹ̀ lé, látinú nọ́ńbà mítà àti ìyá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iná ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Ìṣírò náà kì í padà sẹ́yìn: ẹni tó bá tú mítà rẹ̀ palẹ̀ tó sì rí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ kò tíì rí ti aládùúgbò. Ìdí nìyí tí iná tí ará òkè rà nínú ilé kan ní Ìrẹ̀mọ kò fi ní wọ mítà ará ìsàlẹ̀.

Ìyá kọ́kọ́rọ́ gan-an ni ewu wà lórí rẹ̀, nítorí bó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ọmọ rẹ̀ gbogbo ló lọ. Inú ẹ̀rọ kan tó dá dúró ni wọ́n ń tì í mọ́. Ibẹ̀ ni ìṣírò ti ń wáyé, èsì nìkan ló ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fipá ṣí ẹ̀rọ náà, á pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Oní-POS kò rí i rí.

Nọ́ńbà 20 náà, àrokò tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ mítà dì ni. Kò sí náírà nínú rẹ̀, iye yúníìtì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àyẹ̀wò àti àkókò tí wọ́n tà á, tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú láti 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993. Mítà máa ń rántí àkókò àwọn tó ti gbà, ìyẹn ni kò fi ṣeé tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n bíìtì 24 péré, ìyẹn àyè 24 fún òdo tàbí ení, ni wọ́n fún àkókò, kò sì lè kà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ó kún ní 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ohun tó fa ọ̀wọ́ nọ́ńbà 20 méjì tí wọ́n ní kí àwọn oníbàárà tẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé nìyẹn, èyí tí àwọn kan rò pé iná ọ̀fẹ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ tuntun ni, ìdajì nínú ọ̀kan, ìdajì nínú èkejì, kí kíkà àkókò lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Yúníìtì tó ti wà nínú mítà kò yingin. Ẹni tó ra iná pamọ́ láì tíì tẹ̀ ẹ́ ló pàdánù: kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi dì í, mítà sì ti gbàgbé ìyẹn.