Ẹ yéé fi máṣíìnì sí fírì sọ̀kalẹ̀ òkè, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ pé èmi nìkan dá gun máṣíìnì láti Ìbàdàn lọ sápá òkè Èkìtì, ẹnìkan á ṣáà yọjú láti kọ́ mi lọ́gbọ́n, pé tí mo bá ti gun òkè dé téńté, kí n fi sí fírì, ìyẹn ni pé kí n yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí n tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, kí òkè fúnra ẹ̀ máa gbé mi lọ, epo ò ní jó rárá, pé tí mo bá fi jíà sọ̀kalẹ̀, jíà á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Èèyàn mẹ́ta ló ti sọ ọ́ fún mi lọ́dún yìí nìkan. Ọ̀kan nínú wọn ò gun máṣíìnì rí láyé ẹ̀.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bóyá ó léwu. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ẹ̀rínmọ̀ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí, kọ́nà lórí kọ́nà, o ò tíì jáde nínú ọ̀kan tán tí èkejì ti dé, tírélà á máa mí hẹlẹ bọ̀ níwájú ẹ, onítọ̀hún ò nílò àlàyé kankan. A ò kúkú deédéé máa ki àwọn Ẹ̀fọ̀n ní ọmọ olókè.

Epo yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Epo ò ní jó, epo ò ní jó. Mélòó wá ni epo ọ̀hún? Bi wọ́n kóo wò ó. Wọ́n á ní "ó máa ń pọ̀ o". Ó pọ̀ tó báwo? Ó kún ṣíbí ni àbí ó kún kóńgò? Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lóhùn.

Ó dáa, ká ṣírò ẹ̀. Ká ní Boxer lásán lò ń gùn, tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 50, ká sì ní ibi tóo ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ gùn tó kìlómítà 4. Kìlómítà 4 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, epo tó máa jó jẹ́ mílílítà 80, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà píọ̀ wọ́tà. Tí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, 80 náírà nìyẹn. Àní tó bá jẹ́ pé ò ń fún un níná, ìyẹn ni pé ò ń yí ọwọ́ tó ń mú un sáré, bíi ti ilẹ̀ títẹ́jú o! Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi jíà sọ̀kalẹ̀ òkè ti dẹwọ́ iná tán, ìwọ̀nba tíńtín tó ń gba ihò kékeré inú kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kọjá ló ń jó. Ẹni tó sì fi sí fírì tí ò pa á, tiẹ̀ náà ṣì ń jó, torí ẹ́ńjìnnì ò lè máa dún lórí afẹ́fẹ́ lásán. Yọ ọ̀kan nínú èkejì, kóo wá sọ fún mi nǹkan tó kù. Owó bisikíìtì ni àbí owó gúgúrú?

Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n. Mo rọ epo kún táńkì dé ẹnu, mo fi jíà sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún rọ ọ́ kún, mo padà lọ fi fírì sọ̀kalẹ̀, mo wá tún rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta láti mọ iye tó dín. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé bí mo ṣe gbé máṣíìnì dúró lórí sítáńdì, tó bá fi díẹ̀ gbè sápá ọ̀tún, iye epo tí mo fẹ́ wọ̀n ti sọnù sínú gígbè yẹn nìkan. Òṣìṣẹ́ ilé epo náà kàn ń wò mí ṣáá. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé òun ti wọ̀n ọ́n rí, pé epo ọjọ́ kan lòun fi ń pa mọ́, bi í léèrè sítáńdì tó lò.

Fún àwọn tó ń gun máṣíìnì tuntun tí kò ní kabúrétọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, ìgbàgbọ́ yìí tiẹ̀ dojú dé pátápátá. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, tóo bá wà nínú jíà tóo sì dẹwọ́ iná, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Fírì lo fi sí? Ó gbọ́dọ̀ padà máa fún un lépo kó má baà kú. Ẹni tó ń ṣọ́ epo ló wá ń jó epo.

Ẹ jẹ́ n ṣòótọ́ ṣá. Àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lè má parọ́ nígbà tiwọn. Àwọn máṣíìnì AX100 àtijọ́ yẹn, tó ń rú èéfín bí ẹni ń yan ẹja, ọ́ìlì tiwọn àti epo jọ ń wọlé síbi iṣẹ́ ni, tóo bá dẹwọ́ iná fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń sáré nínú jíà, ọ́ìlì tó ń débẹ̀ á kéré, ó sì lè nọ́ọ̀kù. Bóyá ibẹ̀ ni "jíà á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́" ti wá, èmi rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Boxer kìí ṣe AX100, ọ́ìlì tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tó wà, bó ṣe ń ké lábẹ́ ẹ yẹn, kò sóhun tó ń ṣe é, òun ló ń bá ẹ di ara ẹ̀ mú.

Ká ní máṣíìnì, ìwọ, àti ẹrù ẹ wọ̀n tó 200 kílò, tóo sì sọ̀kalẹ̀ òkè tó ga ní mítà 200. Agbára tó wà nínú ìyẹn tó láti ho omi tó ju lítà kan lọ. Níbo lo fẹ́ kó lọ? Tóo bá wà nínú jíà, ẹ́ńjìnnì á gba tiẹ̀ níbẹ̀. Tóo bá wà ní fírì, afẹ́fẹ́ á gba díẹ̀, gbogbo ìyókù á wọnú bíréèkì ṣú. Dúrọ́ọ̀mù, irin tí ṣú ń tẹ̀ mọ́ láti dá táyà dúró, á gbóná, á fẹ̀, á sún kúrò lára ṣú, ẹsẹ̀ ẹ á máa wọlẹ̀ sí i. Kóo wá ní o fẹ́ sáré padà sínú jíà kìíní lórí eré 60, táyà ẹ̀yìn á dì, ó tán.

Lórí ibi tó dà díẹ̀, tó gún tààrà, tí kò sẹ́nìkankan níwájú, bóyá fírì ò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, mi ò lè bú ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá nìkan lọ, tó di báàgì sẹ́yìn, jọ̀ọ́, jíà tóo mọ̀ pé o máa fi gun òkè yẹn ni kóo fi sọ̀ ọ́, orí òkè sì ni kóo ti mú un, kìí ṣe àárín kọ́nà. Fi bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn jọ ṣiṣẹ́, tẹ̀ ẹ́ kóo tú u, má gbẹ́sẹ̀ lé e bí ẹni tẹ ìrọ̀rí. Tóo bá gbọ́ òórùn bí ẹni ń sun rọ́bà, dúró jẹ ọsàn, má da omi sí bíréèkì.

Pípa ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì kéékèèké, ẹ́ńjìnnì ló ń tan iná iwájú, kìí ṣe bátìrì. Pa á láago méje alẹ́ láàárín Òkèmẹ̀sí sí Ìmẹ̀sí-Ilé, òkùnkùn lo máa fi ya kọ́nà. Ọdún 16 ni wọ́n fi ja ogun Kírìjí lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa nǹkan kan.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà kan ní Ẹ̀rínmọ̀, látorí epo dórí iná. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi, wọ́n mi orí. "Àbúrò, o ṣeun, ti iná yẹn ni mi ò mọ̀." Wọ́n ní láti òní lọ, ọ̀sán nìkan làwọn á máa pa á.