Kì í Ṣe Títóbi Ìlú Ni Kì í Jẹ́ Kí Òpópónà Já Síra

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ìlú bá ṣe ń fẹ̀, dandan ni kí àdúgbò rẹ̀ máa jìnnà síra, kí òpópónà máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kí ẹni tó fẹ́ ra oògùn lásán sì máa wá mọ́tò. Títóbi kọ́ ló ń fà á. Ọwọ́ ẹni tó ya ilẹ̀ náà àti òfin tó tẹ̀ lé ló wà.

Ẹ wo ilé méjì tó kẹ̀yìn síra, tó jẹ́ ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wọn. Ọmọ ilé kìíní gbá bọ́ọ̀lù sí àgbàlá ilé kejì. Òpópónà tiwọn kò já, ti ilé kejì náà kò já. Àfi kó jáde sí títì ńlá, kó rìn yí ká, kó tó wọlé láti ìhà kejì.

Àwọn olùwádìí ní bí wọ́n ṣe ń wọn èyí. Lórí máàpù, wọ́n á ka iye ọ̀nà tó pàdé níbi kọ̀ọ̀kan: ibi tí ọ̀nà ti dópin jẹ́ 1, oríta mẹ́ta jẹ́ 3, oríta mẹ́rin jẹ́ 4. Bí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni òpópónà ṣe já síra tó. Gígùn títì kò sí nínú ìṣirò yìí, torí ìlú lè máa la títì tuntun láìsí ọ̀nà àbùjá kankan fún ẹlẹ́sẹ̀.

Ní 1811 ni wọ́n ti fa ìlà òpópónà Manhattan ní ìlú New York, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. New York dàgbà, oríta mẹ́rin-mẹ́rin yẹn ò kúrò níbẹ̀.

Ní 1929, àdúgbò Radburn ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, gbé òpópónà tí kò já kalẹ̀, kí mọ́tò má baà máa sáré níwájú ilé ọlọ́mọ. Èrò rere ni, wọ́n sì fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ so àwọn ilé pọ̀. Ọ̀pọ̀ akọ́lé tó tẹ̀ lé wọn mú òpópónà tí kò já, wọ́n gbàgbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. FHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe onídùúró fún owó yíyá ilé, tún ń gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ta ni kò ní gbọ́ ti ẹni tí okùn àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bó bá jẹ́ títóbi ìlú ló ń fà á, kò yẹ kí àìjásíra yìí dẹwọ́. Àmọ́ ìwádìí tí àwọn olùwádìí méjì, Barrington-Leigh àti Millard-Ball, gbé jáde ní 2015 fi hàn pé nǹkan bí ọdún 1994 ni àìjásíra òpópónà tuntun dé góńgó ní Amẹ́ríkà. Ó ti ń dín kù láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ìlú ò dẹ́kun fífẹ̀.

Ilé ṣeé wó, òpópónà kì í sábà kúrò. Iná jó London ní 1666, síbẹ̀ etí ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n tún ọ̀pọ̀ ilé kọ́ sí. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sítéètì tuntun ni kí aráàlú ti béèrè òpópónà tó máa já sí àdúgbò ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ilé bá ti dí i, ọwọ́ onílé ni wọ́n á ti máa fowó ra ọ̀nà.