Pàlàpálá àpáta nínú àwọ̀n kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́lé sí Kubwa ní Abuja, gbẹ́ bóòhóòlù dé 60 mítà, eruku funfun ló ń tú jáde. Aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tiẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, kò ju 15 mítà síra wọn lọ, omi sì dé. Ẹ̀gbọ́n ní ayé ló ń ṣe òun. Ayé kọ́. Àpáta líle ló pọ̀ jù lábẹ́ Abuja, omi kì í sì gba inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ kọjá, àfi lókè níbi tó ti jẹrà di iyanrìn, tàbí níbi tó ti sán. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Aládùúgbò gbẹ́ ba pàlàpálá. Ẹ̀gbọ́n wa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Pàlàpálá yìí náà ló ń da àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìrìn omi abẹ́ ilẹ̀ láàmú. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó gé àpáta náà wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́ta. Ó fẹ́ jọ mọ́ínmọ́ín eléwé. Bí igun wọn ṣe so pọ̀, gbogbo rẹ̀ á dà bí àwọ̀n. Kókó àwọ̀n yẹn ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò agbára tí omi fi ń tì.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìwọ̀n. Àpáta tí à ń ṣírò lè jẹ́ 100 mítà ní òró, ní ìbú, ní jíjìn. Pàlàpálá inú rẹ̀ sì lè má lanu ju mìlímítà 1 lọ. Bí a bá gé gbogbo àpáta sí ègé mìlímítà 1, bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù kan ni. Bí ègé inú pàlàpálá bá sì gùn ní mítà 5, tó nípọn ní mìlímítà 1, ó ti pẹlẹbẹ jù, ìṣirò á máa ṣe ségesège.

Ṣé ká fojú fò ó ni? Rárá o. Láàárín ojú méjì tó dán tó kọjú síra, bí ẹnu pàlàpálá bá fẹ̀ ní ìlọ́po 2, omi tó ń gba ibẹ̀ á di ìlọ́po 8. Bó bá fẹ̀ ní ìlọ́po 10, omi á di ìlọ́po 1,000. Àpáta gidi kì í dán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò yí padà púpọ̀: pàlàpálá, bó ti wù kó tín-ín-rín tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ló ń gbé omi jù.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ká tẹ́ pàlàpálá pẹrẹsẹ. Nínú àwọ̀n, kò ní nípọn rárá. Àwọn onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ la ó fi yà á, tí wọ́n á bá ojú àwọn ègé àpáta lọ́tùn-ún lósì mu rẹ́gí. Mìlímítà 1 yẹn á wá di nọ́ńbà lásán tí a kọ sí wọn lára. Gmsh, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan tó ń gé nǹkan di irú àwọ̀n yìí, lè ri irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ inú àpáta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Bí òsì àti ọ̀tún bá jọ ń lo kókó kan náà, agbára omi níhà méjèèjì ò lè yàtọ̀. Ìyẹn dára bí pàlàpálá bá ṣófo. Bí amọ̀ bá ti dí i ńkọ́? Ó ti di ọ̀rá tí a fi sí àárín búrẹ́dì nìyẹn: omi lè kún lápá kan kí apá kejì gbẹ. Àfi ká la kókó kọ̀ọ̀kan sí méjì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Láti 1968 ni Goodman, onímọ̀ nípa àpáta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi irú ègé tí kò nípọn, tó ní kókó méjì-méjì bẹ́ẹ̀, ṣírò bí àpáta tó sán ṣe ń yọ̀ lórí ara rẹ̀. Gmsh ní irinṣẹ́ tó ń la kókó, Crack ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ní kó ṣiṣẹ́. Kò ní dá ara rẹ̀ ṣe é.

Èyí tó ń jẹ mí lákòókò jù ni ibi tí pàlàpálá méjì ti fẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ lé ara wọn. Ègé tó há sáàárín wọn á tín-ín-rín bí èékán. Mo máa ń sún ọ̀kan díẹ̀, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sún un.