Ìbọn ọlọ́ta-kan àtijọ́ tí a tún kàn

Ìbọn ọlọ́ta-kan ni ìbọn tí kì í gbà ju ọta kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yìn ín gbọ́dọ̀ ṣí ìdí rẹ̀, kó yọ kòròfo, kó tó ki òmíràn. Ó yàtọ̀ sí ṣakabùlà ọdẹ, tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i. Tí oníṣẹ́-ọwọ́ bá mú irin ìdí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láti ayé ọjọ́un, tó wá fi ọ̀pá, igi àti abẹ́rẹ́ tuntun (irin tín-ínrín tó ń gún ìdí ọta kó lè yìn) sí i, ó di ìbọn àtúnkàn.

Àtúnkàn kì í ṣe àṣà tuntun. Ìbọn Snider, tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, gbé lọ sí Bídà àti Ìlọrin ní 1897, ti ara Enfield àtẹnukì ló ti jáde: wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀pá .303 (ìbú ihò rẹ̀ ní ínṣì) sára ìbọn Martini-Henry ti 1871, ó sì di Martini-Enfield. Kúkúrú rẹ̀ ni West African Frontier Force, ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbé ní Lọ́kọ́ja. Lónìí, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn Martini Cadet kékeré, Winchester 1885 tí John Browning ṣe ètò rẹ̀, Sharps, àti Farquharson ti 1872.

Àyẹ̀wò àti àṣìṣe

Irin ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ irin ìgbà yẹn le lójú nìkan, inú rẹ̀ rọ̀. Bí iná ìjó-irin bá kàn án, líle náà ti lọ nìyẹn. Martini-Henry ń lo ẹ̀tù dúdú gíráámù 5.5 àti ọta gíráámù 31. Ẹ̀tù aláìléèéfín lè ti irin náà ju bó ṣe lè gbà lọ. Nítorí náà, wọn a tú gbogbo rẹ̀, wọn a fi oje aláwọ̀ wá ibi tó bá sán, kí wọ́n tó ra ọ̀pá rárá.

Àlàfo tó wà láàárín ojú bùlọ́ọ̀kù (irin tó ń dí ìdí ọ̀pá) àti ìdí ọta tún ṣe pàtàkì. Bí ọ̀pá irin kékeré tí bùlọ́ọ̀kù Martini ń yí lé bá jẹ, àlàfo náà á fẹ̀, idẹ ọta á fà, á já, gáàsì gbígbóná á sì fẹ́ sẹ́yìn sójú ayìnbọn. Ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ náà máa ń fẹ̀ jù, tí fìlà ìdí ọta, èyí tó ń tan iná sí ẹ̀tù, fi ń wú wọ inú rẹ̀ tàbí kó lu. Wọn a dí i, wọn a tún un lu sí nǹkan bíi mílímítà 1.8, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó bá a mu.

Igi rọrùn jù ú lọ. Síkúrù gígùn kan ló so igi ìdí Martini mọ́ irin. Igi náà gbọ́dọ̀ fara ti irin yíká. Bí ibì kan ṣoṣo bá gba agbára tí ìbọn fi ń ta sẹ́yìn, ọrùn igi á là. Igi tí kò gbẹ tán máa ń sunkì nínú ọyẹ́ Kánò tàbí Àbújá, síkúrù á sì dẹ̀.

Òfin

Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ológun .303 mọ́ èyí tí a kà léèwọ̀. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí kó tò ó pọ̀ ní ilé ara rẹ̀. Ṣakabùlà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ nínú òfin kan náà, òun náà sì nílò ìwé àṣẹ.