Ìkookò Róòmù: Bí Ẹranko tó ń Fún Ìbejì Lọ́mú Ṣe Di Àmì Ìlú

Owó ìtanràn àwọn olówó èlé wà nínú ìtàn àmì yìí. Ní ọdún 296 ṣáájú ìbí Kristi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Gnaeus Ogulnius àti Quintus Ogulnius, wà nípò àwọn olóyè tí ń mójú tó ọjà, òpópónà àti ilé òrìṣà ní ìlú Róòmù. Wọ́n pe àwọn tí ń yá aráàlú lówó sógundogójì lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi, ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé lára ohun ìní wọn. Livy, òpìtàn ayé ọba Augustus, to ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n fi idẹ ṣe ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Jupiter, olórí àwọn òrìṣà Róòmù, tó wà lórí òkè Capitol, wọ́n ṣe ohun èlò fàdákà fún tábìlì mẹ́ta nínú tẹ́ńpìlì náà, wọ́n gbé ère Jupiter tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin sórí òrùlé rẹ̀, wọ́n sì fi òkúta gbígbẹ́ tẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ibodè Capena dé tẹ́ńpìlì Mars. Láàárín gbogbo èyí ni ó ti sọ ọ́, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí bàbàrà, pé nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ Ruminalis, wọ́n gbé ère àwọn ọmọ ọwọ́ tó tẹ ìlú náà dó kalẹ̀ sábẹ́ ọmú ìkookò.

Kí olùkàwé fi ọkàn sí bí Livy ṣe sọ ọ́. Ère àwọn ọmọ ni ó ní wọ́n gbé síbẹ̀, sábẹ́ ọmú ẹranko náà. Kò sọ ní pàtó bóyá ìkookò àti ọmọ ni wọ́n ṣe pọ̀, tàbí bóyá ìkookò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wá fi ìbejì sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn gan-an lórí gbólóhùn yìí, a ó sì rí i níwájú pé ìkookò àti ìbejì kò fi gbogbo ìgbà rìn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìkookò, yẹ ní dídúró lé lórí díẹ̀. Ẹranko tí à ń wí yìí kò sí nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ẹranko ilẹ̀ wa tó ń jẹ òkú ẹran, tó sì ń ké lóru, ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì yá fún un, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ìkookò ti ilẹ̀ Ítálì jọ ajá, ó ń fi agbo rìn, àwọn darandaran sì ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí àgùntàn wọn. Kí ìlú àwọn darandaran mú ẹranko tó ń pa wọ́n lẹ́ran jẹ, kí wọ́n sọ ọ́ di ìyá, kì í ṣe ohun tó yéni kíákíá, àwọn ará Róòmù pàápàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Látìnì, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe abo ìkookò, lupa, ni wọ́n ń pe aṣẹ́wó. Livy kò fi bò pé àwọn kan gbà pé kò sí ẹranko kankan níbẹ̀ rárá, pé Larentia, ìyàwó darandaran tó tọ́ àwọn ọmọ náà, ni àwọn darandaran ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ ń pè ní lupa, àti pé láti ibẹ̀ ni ìtàn ìyanu ti yọ.

Ìtàn ìyanu ọ̀hún kò gùn. Amulius lé Numitor ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́ ìlú Alba Longa, ó sì fi Rhea Silvia, ọmọ Numitor, ṣe wúńdíá olùṣọ́ iná òrìṣà kí ó má bàa bímọ. Ọmọbìnrin náà lóyún, ó bí ìbejì, ó sì ní Mars, òrìṣà ogun, ni bàbá wọn. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lọ sínú odò Tiber nígbà tí odò kún bo bèbè, omi fà, ó fi apẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀ nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́, ìkookò tó wá mumi gbọ́ igbe wọn, ó sì fún wọn lọ́mú. Ẹyẹ àkókó náà ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nítorí ti Mars ni àti ìkookò àti àkókó. Darandaran kan tí ń jẹ́ Faustulus bá wọn níbẹ̀, ó gbé wọn relé. Nígbà tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n fẹ́ tẹ ìlú dó, ìjà bẹ́ sílẹ̀, Romulus sì pa Remus. Ọdún 753 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn ará Róòmù wá fẹnu kò sí pé ìlú náà bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún tí ìtàn ń wí yàtọ̀ sí ọdún tí àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ère àwọn Ogulnius, ohun tí a rí kò tó nǹkan, kò sì ṣe tààrà. Òkúta ojú oórì kan wà ní Bologna, iṣẹ́ àwọn ará Etruria, ilẹ̀ tó wà ní àríwá Róòmù, tí wọ́n gbẹ́ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú sí lára. Ọmọ kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì. Jígí idẹ kan tún wà láti Bolsena, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, tí ẹranko ti ń fún ọmọ méjì lọ́mú láàárín àwọn òrìṣà, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan bóyá àwọn ọmọ Róòmù ni tàbí àwọn mìíràn. Èyí fi hàn pé ẹranko tó ń tọ́ ọmọ èèyàn kì í ṣe àdáni Róòmù ní Ítálì. Ìbejì tó tẹ ìlú dó ni Róòmù fi kún un.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìbejì? Ìlú tí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjì jọba lé lórí kò nílò ìkejì, pàápàá ìkejì tí wọ́n pa. T. P. Wiseman, ọ̀mọ̀wé ará Britain, dábàá pé ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi ni Remus wọ inú ìtàn, nígbà tí àwọn ìdílé ọlọ́lá àti àwọn mẹ̀kúnnù ń fa agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 367, òfin ṣí ọ̀nà fún mẹ̀kúnnù láti jẹ́ ọ̀kan nínú kọ́ńsùlù méjì tó ń ṣàkóso ìlú lọ́dọọdún. Ìjọba di ti ẹni méjì, láti ìhà méjì. Gbogbo ọ̀mọ̀wé kọ́ ló gba àbá yìí. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni irú ẹni tí àwọn Ogulnius jẹ́. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí kan náà ni aṣojú mẹ̀kúnnù ní ọdún 300, tí wọ́n mú òfin wá pé kí mẹ̀kúnnù mẹ́rin wọ ẹgbẹ́ àwọn olórí àlùfáà, kí márùn-ún sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo àmì ẹyẹ, àyè tó ti jẹ́ ti àwọn ọlọ́lá nìkan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi èlé ni mẹ̀kúnnù lára, ère ọmọ méjì lábẹ́ ọmú kan náà sì wà lára ohun tí wọ́n ná an sí. Lójú tèmi, ẹni tó bá wo àwọn ohun wọ̀nyí pọ̀ kò ní ṣàì rí ọ̀rọ̀ tí ère náà ń sọ fún aráàlú: ọmọ ìyá ni wá, wàrà náà tó wa.

Ó tún bọ́ sí àsìkò ogun. Ní ọdún 295, ọdún kan péré lẹ́yìn ère náà, Róòmù dojú kọ àwọn ará Samnium àti Gaul ní Sentinum. Livy sọ pé bí ẹgbẹ́ ogun méjèèjì ti to sójú kan, ìkookò kan ń lé àgbọ̀nrín sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àgbọ̀nrín yà sọ́dọ̀ àwọn Gaul, wọ́n pa á. Ìkookò yà sọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù, wọ́n là fún un, ó kọjá láàárín wọn. Ọmọ ogun kan tó wà níwájú pariwo pé ìkookò Mars ni, pé ó wá rán wọn létí ìran wọn àti ẹni tó tẹ ìlú wọn dó. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ó fi hàn bí wọ́n ṣe rántí àkókò náà: ẹranko yìí ti di tiwọn.

Owó ni ó gbé àwòrán náà kúrò ní Róòmù. Quintus Ogulnius jẹ kọ́ńsùlù ní ọdún 269, àwọn onímọ̀ owó àtijọ́ sì dá owó fàdákà Róòmù àkọ́kọ́ tó ní ìkookò àti ìbejì sí ọdún 269 sí 266. Orí Hercules wà lójú kan. Lójú kejì, ìkookò yí ọrùn padà, ó ń wo àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kòńgẹ́ lásán pé ọkùnrin tó gbé ère náà dúró ni olórí ìlú nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára owó.

Mo fẹ́ràn owó kan tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ju ti Ogulnius lọ. Ní nǹkan bí ọdún 137 ṣáájú ìbí Kristi, Sextus Pompeius, ọ̀kan lára àwọn olóyè tó ń bójú tó títẹ owó, tẹ owó fàdákà kan tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàńpàkò lọ. Nínú àyè kékeré yìí, gbogbo ìtàn náà ló wà níbẹ̀. Ìkookò dúró láàárín, ó yí orí padà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ méjì na ọwọ́ sókè sí ọmú rẹ̀. Igi ọ̀pọ̀tọ́ yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹyẹ sì bà lórí ẹ̀ka. Ní apá òsì, darandaran kan fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò. Wọ́n kọ FOSTVLVS sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó tẹ owó náà ń sọ pé darandaran yìí ni baba ńlá òun. Àmì tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ti di ohun tí ìdílé kan fi ń tọ́ka sí orírun ara rẹ̀, àpò ìjọba ló sì fi ṣe é.

Àwọn ọ̀tá Róòmù kò jẹ́ kí ó gbàgbé pé ìkookò ṣì ń pẹran jẹ. Nígbà tí àwọn ìlú Ítálì dìde ogun sí i láàárín ọdún 91 sí 88, wọ́n tẹ owó fàdákà tiwọn, tí akọ màlúù ti ń fi ìwo gún ìkookò mọ́lẹ̀. Màlúù ni àmì Ítálì. Ní ọdún 82, níwájú ibodè Colline ní ìlú Róòmù, Pontius Telesinus ará Samnium ń sáré káàkiri láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó ń kígbe pé àwọn ìkookò tó ń já òmìnira Ítálì gbà kò ní tán àyàfi bí a bá gé igbó tí wọ́n ń sá sí. Ó kú lójú ogun yẹn, igbó náà sì wà síbẹ̀.

Augustus tún ihò Lupercal ṣe, ihò tí wọ́n gbà pé ìkookò ti tọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì gbẹ́ Mars àti Faustulus sára pẹpẹ Àlàáfíà tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 9 ṣáájú ìbí Kristi, tí àwọn méjèèjì ń wo ìyanu náà. Lẹ́yìn èyí, àmì yìí tàn dé gbogbo ibi tí ìjọba náà dé. Ní Aldborough, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan fi òkúta wẹ́wẹ́ ya á sílẹ̀ yàrá rẹ̀. Iṣẹ́ náà wà ní Leeds báyìí, ìkookò rẹ̀ kọjú síni bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì hàn pé oníṣẹ́ náà gbọ́ ìtàn ju bí ó ti rí ìkookò lọ. Constantine pàápàá, tó gba ẹ̀sìn Kristi, tó sì kó olú-ìlú lọ sí Constantinople ní ọdún 330 lẹ́yìn ìbí Kristi, tẹ owó idẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ VRBS ROMA sí, tí ìkookò àti ìbejì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìràwọ̀ méjì sì wà lókè. Ọmọ Mars ni ìtàn pe àwọn ìbejì náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yọ wọ́n kúrò.

Èyí mú wa dé ère tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ìkookò idẹ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orí òkè Capitol, tí àwòrán rẹ̀ wà lórí ìwé àti lára ohun ìrántí tí wọ́n ń tà fún àlejò. Kò yí ọrùn bí ti ara owó. Ó na ọrùn síwájú, eegun ìhà rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ wà lójúfò. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 75. Pópù Sixtus Kẹrin ló fi í fún aráàlú ní ọdún 1471, ó sì pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi kà á sí iṣẹ́ àwọn ará Etruria láti ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni ìkookò tí Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti olóṣèlú Róòmù, sọ pé mànàmáná sán lù ní ọdún 65 ṣáájú ìbí Kristi. Ní ọdún 2006, Anna Maria Carruba, tó ti ṣiṣẹ́ lórí àtúnṣe ère náà, kọ̀wé pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n dà á, bẹ́ẹ̀ àwọn àtijọ́ máa ń da ère ńlá ní wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó so ó pọ̀. Àyẹ̀wò ohun tó kù nínú ikùn ère náà láti ìgbà dídà rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí Kristi. Àwọn kan ṣì di ti àtijọ́ mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà wúwo.

Ti ìbejì abẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní awuyewuye. Ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi kún un. Ẹni tó da ìkookò náà kò bá ọmọ ṣe é. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 1,780 tí àwọn Ogulnius gbé ọmọ méjì sábẹ́ ọmú, àwọn mìíràn tún ṣe ohun kan náà sí ẹranko mìíràn, nítorí ojú ti mọ́ àwòrán náà dé ibi pé ìkookò nìkan kò pé mọ́.

Ẹ̀dà ère yìí ni ìjọba Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀kan dé ìlú Rome ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1929. Ní ọdún 1933, ẹnì kan jí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ gbé, wọ́n ní láti wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn wà ní ọgbà Eden Park ní Cincinnati. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn olè gé ìkookò náà láti ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjèèjì ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ṣì gbé orí sókè sí ọmú tí kò sí mọ́.